Ògiri Tí Alhaja Ràfátù Kò Yéé Rẹ́

Olóríkunkun ni ìyá ọkọ mi, ẹni tó bá fẹ́ kó lọ sọ fún wọn. Alhaja Ràfátù ni wọ́n ń jẹ́. Iṣu ìlú Ojoku ni wọ́n ń tà kí orúnkún tó dá wọn jókòó sílé. Owó iṣu náà ni wọ́n fi kọ́ yàrá méjì alámọ̀ ní Ọ̀fà níbí, lẹ́yìn tí àwọn ẹbí ọkọ wọn lé wọn jáde. Bí Habeeb ọkọ mi bá ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n á ní, "N ò tún lè gbé ilé onílé mọ́ láyé."

Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí lọ́kàn mi ò ti balẹ̀. Omi orí páànù ń dà sí ìdí ògiri yàrá wọn, ògiri sì ń fà á mu. Ọ̀dà ń wú, ó ń ṣí, nǹkan funfun bí iyọ̀ ń hù lára rẹ̀. Kí ni Màmá ṣe? Wọ́n ní kí bíríkìlà fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Nígbà tó tún ń yọ omi, wọ́n ní kó tún un rẹ́, kó nípọn sí i. Símẹ́ńtì le koko níta, ṣùgbọ́n amọ̀ inú rẹ̀ ò ríbi gbẹ sí, ṣe ló ń rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n ní ṣe ni mo fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ àwọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kí n bínú lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Mo bá wọn lórí ẹní níwájú ògiri yẹn, wọ́n ń kírun alásárì. Mo gbọ́ tí nǹkan ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ìgbà tí mo máa wòkè, ògiri ti là láti òkè délẹ̀. Ẹni tó ń kírun, a kì í dí i lọ́wọ́, mo mọ̀. Mo dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n forí kanlẹ̀, ó tún dún. Mo ní kí Ọlọ́run foríjì mí, mo gbá wọn mú lábẹ́ abíyá, mo wọ́ wọn jáde sínú òjò. Wọ́n ṣì ń bú mi lọ́wọ́ nígbà tí ògiri ya lulẹ̀, tó bo ẹní náà mọ́lẹ̀.

Mo dá kẹ̀kẹ́ kan dúró, mo gbé wọn sínú rẹ̀. Nígbà tá a délé wa, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára aṣọ wọn.

"Hàlímàt," wọ́n ní, "ibo lo ní kí n jókòó sí?"