Ikùn Mi Tó Dá Ìjà Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ní kí n dín sísanra mi kù. Ìlaròó là ń gbé nígbà náà, lásìkò tí ìjọba kó ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní sáápù dé, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí. Akọ̀wé ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, ikùn mi sì máa ń ṣáájú mi wọ ọ́fíìsì.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ga jù, pé bí n kò bá rù, ó lè rọ mí lápá lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Báyìí náà ni ẹ̀gbẹ́ kan ṣe rọ bàbá mi kí wọ́n tó kú, Màmá sì ní ayé ló ṣe wọ́n.

Dókítà ní kí n máa jẹ ápù, kí n máa mu wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀. Ta ló rówó ápù nígbà sáápù?

Ìyàwó mi, Ìyá Wálé, ló wá ọ̀nà sí i. Ó gbin tẹ̀tẹ̀ àti ilá sẹ́yìnkùlé. Láfún tí mo máa ń jẹ bí òkè, ó bù ú sí ìdajì, ó wá fi ẹ̀fọ́ kún àwo. Ẹ̀wà tí epo rẹ̀ kò pọ̀, pánla díẹ̀, ìbẹ́pẹ orí igi wa. Mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ebi ń pa mí, inú ń bí mi sí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ṣòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣò.

Ìgbà yẹn ni wàhálà dé. Gbogbo ẹni tó bá rí mi ló ń sọ pé sáápù ti mú mi, pé Ọlọ́run á ṣe é. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi bó mi. Ta ló máa gbà pé èèyàn ń febi pa ara rẹ̀ nígbà tí ebi ń pa gbogbo ìlú?

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Màmá mi ní Ìgbógílà. Wọ́n kó iṣu, gàrí àti kẹ́ẹ̀gì epo dé, wọ́n tún mú ọmọrogùn tiwọn dání. Wọ́n wo ọrùn mi, wọ́n sunkún, wọ́n wá kọjú sí Ìyá Wálé.

"Ìyàwó, ikùn ńlá ni ọkọ tèmi gbé wọ sàréè. Kò sẹ́ni tó lè ní n kò tọ́jú rẹ̀. Kí lo fi ọmọ mi ṣe?"

Mo ní dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ṣé dókítà ló bí mi ni. Ìyá Wálé kàn jáde ní ilé ìdáná, ó fi í sílẹ̀ fún Màmá, kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ta ló ń kọ oúnjẹ ìyá rẹ̀? Iyán láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́, epo ń ṣàn lórí ọbẹ̀. Bí n kò bá jẹ, Màmá á sunkún. Bí mo bá jẹ, Ìyá Wálé kò ní bá mi sọ̀rọ̀. Ó sú mi pátápátá.

Nígbà tí mo fẹ́ padà sí ọsibítù, Màmá tẹ̀ lé mi láti lọ fẹjọ́ Ìyá Wálé sun dókítà. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ti ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó bínú sí mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ yín kan rọ ni?"

Màmá ní, "Nọ́ọ̀sì, kí ló ń rọ ẹ̀gbẹ́ ènìyàn?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, Màmá. Iyọ̀, ọ̀rá àti sísanra àsanjù ló ń ràn án lọ́wọ́."

Màmá wá ibì kan jókòó.

"Àkànní, èmi ni mò ń se oúnjẹ bàbá rẹ."

Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa nígbà náà. A wá padà sílé. Ilé ìdáná ni wọ́n gbà lọ, wọ́n mú ọmọrogùn wọn, wọ́n gbé e fún Ìyá Wálé. "Ìyàwó, gbà. Máa ṣe é bí o ti ń ṣe é." Ìyá Wálé kúnlẹ̀, ó gbà á.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àìlówó kọ́ ló ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí, ẹnu ayé ni. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín fún wa. Ta ni wọ́n di ẹ̀bi rù nílé yín nítorí pé ẹ dín sísanra yín kù?

Nígbà tí Màmá ń padà lọ, wọ́n bi mí ní gáréèjì pé kí ni àwọn máa wí fáwọn ará Ìgbógílà tí wọ́n bá béèrè ikùn mi.

Mo ní kí wọ́n sọ pé mo wà láàyè.