Ọjọ́ Tí Mo Dá Ìwẹ̀ Òkú Dúró

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí jáde, torí ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí nínú. Ẹni tí kò bá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ òkú, kó má wulẹ̀ kà á.

Care work ni mò ń ṣe, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní Sydenham ní London níbí. Àmọ́ bí obìnrin kan bá kú láàárín wa, mo wà lára àwọn tó máa ń wẹ òkú ní mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham. Ìyá Àdínì ni olórí wa. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé ohunkóhun tí ojú bá rí lára òkú, ẹnu ò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Kafayat ni wọ́n gbé wá. Ọmọ tí kò tíì lọ́kọ! Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló kú sí. Wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó sùn, kò jí mọ́. Ẹgbẹ́ mi ni ìyá yẹn, a jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti New Cross. Lọ́yà rẹ̀ ní wọ́n lè ní kí dókítà míì, yàtọ̀ sí ti ìjọba, tún òkú náà wò kí wọ́n tó sin ín, àmọ́ ìyá ọmọ kọ̀. Ó ní ọmọ òun ti pẹ́ tó nínú fíríjì, kí wọ́n jẹ́ ká sin ín bíi Mùsùlùmí. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Wọ́n ti gbẹ́ sàréè. Lẹ́yìn ìrun Àílà ọ̀sán la máa kírun sí i lára.

Mo gbé apá ọmọ náà sókè kí n lè wẹ abẹ́ rẹ̀. Àmì ìka ni mo rí, ó ti ṣú dúdú. Ọrùn ọwọ́ méjèèjì ti bó, bí ibi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti há. Nígbà tá a yí i, òmíràn tún wà lẹ́yìn, láàárín èjìká. Ṣé ẹni tó ń sùn nìyẹn?

Mo ní, “Mummy, ẹ wo ibí.”

Ìyá Àdínì ní, “Mo ti rí i. Bu omi.”

Àwọn ọkùnrin ti ń kanlẹ̀kùn pé ṣé a ò tíì ṣe tán, ọkọ̀ ń dúró. Ìyá Àdínì rọra sọ fún mi pé tí ìyá ọmọ bá rí i, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ mọ́ láyé, Ọlọ́run á sì bi mí. Mo ní tí mo bá dákẹ́ ńkọ́, ṣé kò ní bi mí? Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Mo gbé ike omi kalẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn fún ìyá ọmọ tó ń dúró níta, mo ní, “Ìyá Kafi, wọlé wá.”

Mo kàn ká aṣọ kúrò léjìká ọmọ rẹ̀. Ó fi ìka tiẹ̀ lé àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ tó ṣe é tóbi ju tiẹ̀ lọ.

Kò sunkún. Ó bi Ìyá Àdínì pé ṣé wọ́n ti rí i kí òun tó wọlé. Ìyá Àdínì ò lè wò ó lójú.

Ó wá ní, “Ẹ má sin ọmọ mi lónìí.”

Èébú tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ní mo sọ òkú Mùsùlùmí di ohun àfiṣèwádìí. Àmọ́ dókítà kejì yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ àwọn ará ọgbà ẹ̀wọ̀n sì yí padà. Wọ́n wá ní Kafayat ń pariwo pé àyà ń dun òun, làwọn wọ́dà bá dì í mú mọ́lẹ̀ kó lè dákẹ́. Ẹjọ́ ṣì wà níwájú.

Nígbà tí wọ́n dá òkú náà padà, tá a wá fẹ́ parí ìwẹ̀ rẹ̀, Ìyá Àdínì ní kí n dúró níbi orí rẹ̀, níbi tí àwọn fúnra wọn máa ń dúró sí, kí n bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: àbùkù òkú ni wọ́n ní ká bò. Ohun tí ọwọ́ ẹlòmíì ṣe sí Kafayat kì í ṣe àbùkù rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́ ni? Ẹ sọ tiyín fún mi, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lẹ́wọ̀n níbí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àmọ́ tí wọ́n bá gbé òkú rẹ̀ dé, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sin ín.