Ibi Tí Bàbá Àgbà Ń Lọ Nígbà Iléyá

Mítìn àwọn lándílọ́ọ̀dù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni wọ́n ń sọ, gọ́tà tó dí ní àdúgbò wa ní Ìkòsí tí omi rẹ̀ ń wọlé onílé, ni bàbá mi bá dìde láti sọ tẹnu rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀, ẹni tí bàbá mi bí irú rẹ̀ lọ́mọ, wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ní kí àwọn àlejò dákẹ́ ná, kí àwọn tó ni ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìkòsí yìí ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni irun orí rẹ̀ ti funfun. Bàbá mi jókòó. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, mítìn náà ì bá tú ká lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ.

Àìsàn kíndìnrín ti mú bàbá mi nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ kò lè lọ kí á má gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ogudu, dókítà sì ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ká máa múra sílẹ̀. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìmúra fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bàbá mi mọ̀ ọ́n. Ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní bí òun bá kú, òun kò fẹ́ kí wọ́n sin òun síbi tí wọ́n á ti máa pe òun ní àlejò nínú sàréè. Ó ní kí n bá òun wá ìlú bàbá òun kàn, kí wọ́n lè gbé òun lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn òun.

"Daddy, ṣé ẹ ò mọ ìlú bàbá yín ni?" ni mo bi í.

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ló máa ń sọ fún wa. Kò mú wa débẹ̀ rí."

Ojú tì mí. Àwa tá a máa ń fi ọmọ ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò mọ orírun wọn, ṣé àwa náà rèé?

Ohun tí bàbá mi mọ̀ nípa bàbá rẹ̀ kò pọ̀. Káfíńtà ni bàbá àgbà, òun ló máa ń fi pákó kan ara lọ́rí ní Kétu. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í gbójú lé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọdọọdún, bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, á wẹ̀, á wọ agbádá funfun, á gbé báàgì, á ní òun ń lọ sílé. Àwọn ọmọ á bẹ̀ ẹ́ pé kó mú àwọn dání, á ní ọ̀nà kò dára, ó di ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ọdún, á padà dé pẹ̀lú àpò èlùbọ́. Bàbá mi fẹ́ràn èlùbọ́ yẹn débi pé títí ó fi dàgbà, bí oúnjẹ kò bá dùn mọ́ ọn, á ní èlùbọ́ ìlú àwọn kọ́ lèyí. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni bàbá àgbà kú. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé ní Ìkòsí. Ará ilé kan ṣoṣo kò wá síbi ìsìnkú náà, bàbá mi sì rò ó sí pé ọ̀nà ló jìn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè mọ̀. Ó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá àgbà, bàbá arúgbó kan tó ń ta irin ní Owódé Onírin. Òun ló dúró bí ẹ̀gbọ́n ọkọ lọ́jọ́ tí bàbá àgbà gbé ìyá àgbà níyàwó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń tajà báyìí. Òun a kàn jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù láàárín irin àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ti dógùn-ún, á máa wo àwọn tó ń kọjá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ bá a, ó ní òun kò mọ nǹkan kan. Inú bí mi, mo fẹ́ sọ ìsọkúsọ. Nígbà tí mo tún lọ, mo sọ fún un pé ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lórí ìdùbúlẹ̀, kò sì mọ ibi tí wọ́n máa sin òun sí. 

"Bàbá àgbà rẹ ò lọ síbì kankan," ló wí. "Ọ̀dọ̀ mi níbí yìí ló máa ń wá ṣe Iléyá."

Mo bi í pé èlùbọ́ ńkọ́. Ó ní Mile 12 ni àwọn ti máa ń rà á. Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu, kí n tó mọ̀, ẹ̀rín ti di ẹkún.

Ó wá sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Mọ́tò bọ́ì ni bàbá àgbà ní kékeré, nínú lọ́rí kan tó ń ti ìlú wọn wá sí Èkó. Lọ́jọ́ kan, lọ́rí náà gbiná lójú ọ̀nà, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ jóná kọjá ìdámọ̀. Bàbá àgbà kò sí nínú wọn. Ibà ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé olóore kan ló dùbúlẹ̀ sí, ibà náà kò sì jẹ́ kó mọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n nílé, wọ́n ti kà á mọ́ òkú. Nígbà tí wọn kò rí ara rẹ̀ gbé wálé, wọ́n fi aṣọ funfun di àwọn aṣọ rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sin ín síwájú ilé bàbá rẹ̀, wọ́n sì sunkún rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó wá iṣẹ́ wá sí Kétu, tó ṣì jẹ́ abúlé nígbà náà. Ó rí ọkùnrin kan láti agbo ilé wọn lọ́jà, ó fi ayọ̀ pè é, ó fẹ́ fi í ránṣẹ́ sílé. Ọkùnrin náà wò ó, ó ju ẹrù sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn wa gbà pé ẹni tó bá kú láìtọ́jọ́ lè máa gbé ìgbésí ayé rẹ̀ lọ ní ìlú mìíràn tí ẹnì kankan kò ti mọ̀ ọ́n. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ọkùnrin yẹn rò pé òun rí nìyẹn, òun náà ló sì lọ ròyìn rẹ̀ nílé.

Bàbá àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, bí wọ́n bá rí òun, wọ́n á gbà. Ó wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ọ̀sán gangan ló wọ agbo ilé. Àwọn ọmọdé fọ́n ká, ilẹ̀kùn ń sé gbàgà-gbàgà. Bó ṣe ń búra tó pé ènìyàn ni òun ni ẹ̀rù ń bà wọ́n tó, nítorí wọ́n ní àkúdàáyà kì í jẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ sunkún láti ojú fèrèsé, ó ní, "Ọmọ mi, a sin ọ́ dáadáa. Má bá wa jà. Padà síbi tí o wà." Ó padà. Ó mú kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ búra pé kò ní sọ ọ́ fún ìyàwó tí òun bá fẹ́ àti ọmọ tí òun bá bí, nítorí ta ló máa fi ọmọ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ ti sin? Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó náà sọ orúkọ ìlú náà fún mi, ìlú kékeré kan lọ́nà Ìsẹ́yìn.

Mo rò ó wò bóyá kí n parọ́ fún bàbá mi. N kò lè parọ́ fún un, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ènìyàn mi ṣì ni wọ́n. Gbé mi lọ."

Nígbà tí a dé ìlú náà, bí bàbá mi ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni àwọn àgbà tó jókòó síwájú ilé dìde, nítorí ojú bàbá rẹ̀ ló gbé wọ̀lú. Ẹnikẹ́ni kò sá. Baálé agbo ilé gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, nígbà tó sì gbọ́ ohun tó gbé wa wá, ó bẹ̀ wá pé àìmọ̀ ló ṣe é. Ó mú wa lọ síbi sàréè náà, ó ní ààyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ọjọ́ bá pé, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa tẹ́ bàbá mi sí. Bàbá mi ní aṣọ ló wà nínú rẹ̀. Baálé ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ìyá arúgbó kan jáde, àbúrò bàbá àgbà, òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ó fọwọ́ pa bàbá mi lójú, ó fọwọ́ pa á létí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

"Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wá. Mo pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó ní kí n fún òun lómi mu. Ó ń làágùn, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé òkú kì í làágùn. Mo ro ti ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, mo sá wọlé, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ó dárúkọ mi rí?"

Bí wọ́n bá bi èmi ni, ǹ bá ti parọ́, kí ara ìyá àgbàlagbà lè balẹ̀. Bàbá mi kò mọ irọ́ pa.

"Rárá, Màmá. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú yín rí."

Ìyá náà mi orí, ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, bàbá mi yíjú sí mi nígbà tí a kọjá Ìbàdàn. Ó wá ní, "Bàbá mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ilé wa ló wà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ sin mí sí. Tí mo bá kú, ẹ má ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn náà ò dúró de òkú kí wọ́n tó sìnkú."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kú, a sì ṣe bó ṣe wí. N kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí Iléyá dé ni ìyá arúgbó yẹn ní kí ọmọ ọmọ òun bá òun pe fóònù mi. Ó bi mí bóyá ara bàbá mi ti le, ó ní àwọn ń retí rẹ̀ kó wá bá àwọn ṣọdún. Mo ní ara rẹ̀ ti le, mo ní ó ń kí wọn, àmọ́ ọ̀nà ni kò dára. Ó tún ti pè lẹ́yìn ìgbà náà, bákan náà ni mo sì ń dáhùn. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, bàbá mi ṣì wà láàyè ní ìlú bàbá rẹ̀.