Àbúrò Tó Kúnlẹ̀ Kó Tó Jiyàn

Ìdáhùn tó gbé àbúrò mi ṣubú nínú ìdánwò àkọ́kọ́, èmi ni mo ni ín. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, àmọ́ ẹnu mi ló ti jáde. Kí n tó sọ bí inú mi ṣe ń dùn sí i lónìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Bouaké, ìlú kan lápá àríwá Abidjan, ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa ti wá, nígbà tó sì kú, ó fi ṣọ́ọ̀bù kan sílẹ̀ fún ìyá wa ní àdúgbò Commerce, níbi tí a ti ń ta ìkòkò, abọ́ oníke àti fíláàsì. Ìgbà yẹn ni mo fi ilé-ìwé sílẹ̀, ní kíláàsì kẹrin ní girama, tí wọ́n ń pè ní troisième, tí mo dúró ti ìyá wa nídìí ọjà. Àbúrò mi obìnrin ń bá ìwé lọ ní tirẹ̀. Ó gba báàkì, ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama, ó ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe. Kí wọ́n tó lè gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó gbọ́dọ̀ yege nínú kọ́ńkúù, ìdánwò àbáwọlé, wọ́n sì máa ń béèrè lójíìkì níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń ro ọ̀rọ̀ láì ṣìnà. Wọ́n á sọ gbólóhùn méjì fún ọ, wọ́n á sọ ẹ̀kẹta, ìwọ á wá sọ bóyá ẹ̀kẹta yẹn tinú méjì àkọ́kọ́ jáde lóòótọ́.

Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ti lé àwọn oníbàárà lọ sílé, àbúrò mi á jókòó sórí páálí, á máa ka ìbéèrè sókè, èmi á máa dáhùn. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Mo rò pé kò sí ohun tó lè wà nínú lójíìkì tí ẹni tó ń nájà lójoojúmọ́ ò ní mọ̀.

Lọ́jọ́ kan ó ka èyí. Olùkọ́ wọn ní àdúgbò Broukro, níbi tí wọ́n ti ń múra fún kọ́ńkúù, ló fi wá ṣẹ̀fẹ̀, torí Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. "Gbogbo Anago ló ń tajà. Ọkùnrin yìí ń tajà. Nítorí náà, Anago ni ọkùnrin yìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló tún kù?"

"Bọ̀ọ̀dá, ó dà bíi pé..."

"Bíi pé kí ni? Ta ló ń tajà nínú èmi àti ìwọ? Àbí o fẹ́ bá mi jiyàn ni?"

Ó ṣí ìwé sí ìbéèrè mìíràn. Nílé wa, àbúrò kì í wo ojú ẹ̀gbọ́n kó ní ohun tó sọ ò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá tiẹ̀ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, á ní "mo ti gbọ́, Bọ̀ọ̀dá," ó parí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ó sì bá mi lára mu, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tí olùkọ́ fún wọn ní ìdánwò ìgbaradì, irú ìbéèrè yẹn kún inú rẹ̀, àbúrò mi sì fi ọ̀nà tèmi dáhùn gbogbo wọn. Ó fìdí rẹmi. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó kọ, ó ní, "Ohun tí ẹ sọ ni." Mo sọ lọ́kàn mi pé olùkọ́ yẹn ló jẹ́ òpè.

Ìyá wa ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. "Tí kọ́ńkúù gan-an bá tún rí báyìí, ìlú Languibonou lò ń lọ. Àǹtí rẹ ń wá ẹni tí yóò bá a jókòó ti ọjà. Mi ò lágbára à ń kàwé tí kò níbi tó ń lọ." Àbúrò mi ní òun ti gbọ́. Mo wà níbẹ̀, mo ń to abọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹrù wa dé láti Abidjan. Ọkùnrin Baoulé kan, ọmọ onílẹ̀ níbí, wà tó máa ń fi ọmọlanke kó ẹrù wa láti ibùdókọ̀, wótóró ni wọ́n ń pe ọmọlanke náà níbí. Ó ti ń kó ẹrù fún wa látìgbà ayé bàbá wa. Lọ́jọ́ yẹn ó pẹ́ kó tó dé, nígbà tí mo sì ka páálí, páálí fíláàsì kan ò sí níbẹ̀. Orí mi gbóná. Dioula ni mo fi sọ̀rọ̀, èdè ọjà, kí gbogbo ìlà wa lè gbọ́.

"Ẹni tó bá yà síbì kan lọ fi páálí pamọ́, dandan ni kó pẹ́. Ìwọ náà pẹ́. Kí la tún ń wá?"

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ ọmọlanke rẹ̀. "Táyà ló jò, Anago. Fọwọ́ kàn án, ibi tí wọ́n lẹ̀ ò tíì gbẹ."

"Táyà olè ò lè ṣe kó má jò!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n mú un lọ sí kọ́mísáríà, lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ìgbà yẹn ni àbúrò mi dìde lórí páálí tó jókòó sí. Ó wá síwájú mi, ó sì fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú eruku, Dioula lòun náà fi sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ohun tí ẹ sọ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Ẹ ní olè á pẹ́, mo gbà. Ẹ ní ọkùnrin yìí pẹ́, mo gbà. Àmọ́ ẹni tí táyà ẹ̀ jò náà á pẹ́. Ẹni tó dúró kírun á pẹ́. Èmi náà pẹ́ lánàá nígbà tí ẹ rán mi ní búrẹ́dì. Ṣé mo jalè ni?"

Ìyá aláṣọ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù wa pàtẹ́wọ́. "Anago, dá a lóhùn! Ṣebí ẹnu rẹ kì í gbẹ tó o bá ń polówó?"

Mo yíjú sí i kí n lè bú u. Ọmọ Dioula paraku ni ìyá yẹn, ìdí aṣọ ló sì ti ń jókòó látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó ń tajà. Kì í sì í ṣe Anago. Gbogbo ìbéèrè ọjọ́sí ṣí lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá wa jáde, ó san owó iṣẹ́ ọkùnrin náà fún un. Ó gbà á, ó ti ọmọlanke rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn tó kù tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, dírẹ́bà ọkọ̀ tó kó ẹrù wa láti Abidjan fúnra rẹ̀ gbé páálí náà wá. Ẹrù ẹlòmíràn ni páálí náà bá lọ.

Ojú tì mí débi pé mo lọ bá ìyá wa. "Màmá, ìdáhùn tí ọmọ yìí kọ nínú ìdánwò, tèmi ni."

Ó wò mí. "Ìwọ tó o kúrò ní troisième, ta ló ní kó o máa ṣe tíṣà?" Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó yá, lọ kọ́ ọ wàyí, kó lè rí ẹni bá jiyàn."

Mo kọ́ ọ. Mo ní kí àbúrò mi má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi mọ́. Ó ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé kò tọ̀nà, "àmọ́ tí mo bá kọ òmíràn, ṣe ló dà bíi pé mò ń já yín nírọ́." Láti ìgbà náà, iṣẹ́ mi ni kí n máa wá èrò wíwọ́ kiri fún un. Mo lè ní, "Tí òjò bá rọ̀, ọjà kì í yá. Ọjà ò yá lónìí. Òjò rọ̀ nìyẹn." Á kúnlẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá," á wá nàka sí oòrùn. Àwọn oníbàárà á dúró wò wá. Ìyá aláṣọ a tiẹ̀ máa mú èrò tirẹ̀ wá. Nígbà tó yá, èmi náà ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ kí àbúrò mi tó kúnlẹ̀, ẹ̀rín ìgbéraga a sì máa pa mí.

Ó yege. Orí fóònù la ti rí i, nínú ṣọ́ọ̀bù, ìyá wa sì ki oríkì rẹ̀ láti orí baba ńlá wa títí dé orí ara rẹ̀. Ní báyìí ó ti ń wọ aṣọ funfun. Ní ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún ó pè mí, ó ní olùkọ́ wọn nílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì béèrè pé, bí ibà bá ń mú kí ara gbóná, tí ara aláìsàn kan sì gbóná, ṣé ibà ti wà níbẹ̀ nìyẹn? Òun ló kọ́kọ́ nawọ́.

"Ṣé o kúnlẹ̀?"

"Àyè ò sí láàárín àga, Bọ̀ọ̀dá."

Gbogbo ẹni tó bá wá ra abọ́ lọ́wọ́ mi ni mo ń ròyìn rẹ̀ fún.

Ọkùnrin ọmọlanke nìkan ló kù. Kò padà sí ìlà wa mọ́. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà Broukro, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ti tán, ó béèrè àlàáfíà ìyá wa. Àmọ́ àwa méjì péré la wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ láàárín ọjà ni mo ti pè é lólè. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí oníṣòwò kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé kó má gbé ẹrù fún ọkùnrin yẹn, pé àwọn Anago ti mú un rí. Mo sáré bá wọn, mo ní èmi ni Anago náà, èmi ni mo ṣìnà, a rí páálí wa. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbé ẹrù náà fún.