Alhaja, Ímeèlì Ọ̀fẹ́ àti Èmi

Ìyá mi fẹ́ fẹ̀rín pa mí lónìí!

Mo ṣí ímeèlì ọ̀fẹ́ fún wọn kí àwọn oníbàárà wọn lè máa rí àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ń tà. Mo dé ilé wọn ní Òwu, mo bá wọn tí wọ́n ń fèsì gbogbo ìpolówó tó wọlé.

"Mọ́mì, ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́. Ẹ pa á rẹ́."

"Kí wọ́n kí mi, kí n dákẹ́? Ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni?"

Mo ní ímeèlì náà lè máa dáhùn fúnra rẹ̀. Inú wọn dùn, wọ́n pe ọ̀rọ̀ tí yóò máa fi dáhùn, mo tẹ̀ ẹ́.

Mo padà sí ibùgbé mi ní Alábàtà, mo fi ímeèlì tèmi dán an wò. Èsì dé wàrà: "Ẹ ṣé o. Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Èmi tí n ò tíì lọ́kọ!

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n pa ẹ̀rọ yìí ni, àbí kí n kúkú ṣe àmín?