Àdá Pupa Nínú Oògùn Kòkó

Mo rántí ìgbà tí òjò kọ̀ tí kò dá ní Arámọ́kọ, tí kòkó mi ń dúdú lórí igi bí ẹni pé iná jó o. Bí n kò bá tètè fọ́n oògùn, oko ọdún yẹn ti lọ nìyẹn. Mo po oògùn aláwọ̀ aró mọ́ omi nínú ike, mo bu láìmù, ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun, díẹ̀ sí i, mo sì fi àdá tí ẹnu rẹ̀ ń dán rò ó, torí ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n wá igi. Nígbà tí mo fà á yọ, ó ti pupa bí ẹ̀jẹ̀. Mo jù ú sílẹ̀, mo sá lọ sílé.

Àwọn àgbà ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí a ò lé ejò, ejò ń lé wa. Èmi ò rí ejò kankan, àdá ara mi ló ń lé mi. Kí n tó mí kanlẹ̀ nílé, ìyàwó mi ti kó àwọn ìyá aládùúrà dé, wọ́n sì ní kí n fi oko náà sílẹ̀ pátápátá. Mo ti ń ṣe àmín nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní kẹ́místìrì, wọlé.

“Bàbá kékeré, ta lẹ pa?”

“Mi ò pa èèyàn o! Àfi ajá ìyá alákàrà tí mo fi ọ̀kadà gbá lọ́jọ́sí.”

Ó wọ́ mi padà sóko, ó fi èékánná họ àdá náà. “Bàbà inú oògùn nìyí. Irin ló lé e kúrò nípò, òun ló wá lẹ̀ mọ́ àdá yín.”

“Bí ọ̀gá akọrin tuntun ṣe lé ti àtijọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ ọ. Àdá tó dípẹtà ńkọ́? Irin àti afẹ́fẹ́ ló dàpọ̀.”

“Ìgbéyàwó nìyẹn.”

“Òkúta tí wọ́n sun kó tó di láìmù? Iná ló tú u ká.”

“Ẹgbẹ́ akọrin wa gan-an.”

“Láìmù àti oògùn aró wá pàdé, wọ́n sì pààrọ̀ ẹnìkejì wọn.”

“Háà! Ìyẹn ò wọ ìjọ wa o!”

Ó ní pupa yẹn ń sọ fún mi pé láìmù ò tó ni. Ká ní mo fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, ewé kòkó ni ì bá jó. A bu láìmù sí i, mo nu àdá, mo tún tì í bọ̀ ọ́. Ó jáde bó ṣe wọlé. Mo fọ́n oògùn, kòkó sì yè.

Ìyàwó mi ní, “Ṣé ẹ rí i? Àdúrà wa ló fọ ẹ̀jẹ̀ náà nù.” Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo jó jù.

Títí di òní, n kì í fọ́n oògùn láìkọ́kọ́ ti àdá bọ̀ ọ́. Bó bá pupa, mo mọ̀ pé bàbà ni, mo mọ̀ pé láìmù ló kù. Ṣùgbọ́n kí n tó fà á yọ, mo máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀nà ilé wà.