Eyín Ọmọ́yẹmí Nínú Ìwé Kíkà

Igun kan ṣoṣo ni eyín iwájú Ọmọ́yẹmí fi di erìgì mú mọ́. Bí ahọ́n bá ti kàn án, á yí bí ìlẹ̀kùn. Ọmọ ọdún méje ni, ọmọ aránṣọ kan ní àdúgbò Banikanni. Ní ọdún kẹrin lẹ́yìn òmìnira, olùkọ́ Fádípẹ̀ ń ya àwòrán sí ìwé kíkà àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Ọmọ́yẹmí ni ó ń wò yà, ní Ọjọ́bọ̀ tí ilé-ìwé kì í sí. Àwòrán mẹ́wàá ni wọn yóò jẹ́. Mẹ́fà ti parí, Ọmọ́yẹmí sì ń rẹ́rìn-ín nínú gbogbo wọn.

Bí wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkeje ni eyín náà yọ. Ọmọ́yẹmí fi ọwọ́ bo ẹnu. Eyín Yẹ́misí, ọmọbìnrin kan láti àdúgbò Titirou, pé. Ẹ̀rù bà á pé Yẹ́misí ni wọn yóò fi rọ́pò òun.

“Rẹ́rìn-ín, ìyá mi,” ni Fádípẹ̀ wí.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ pe Yẹ́misí.”

Ó ṣí ọwọ́. Fádípẹ̀ wo àlàfo náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Akáyín! Ṣé ọmọ inú ìwé kì í dàgbà ni? Bí o ṣe rí yìí gan-an ni n ó ṣe yà ọ́. Má tíì ju eyín yẹn nù o.”

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀, Ọmọ́yẹmí yóò mú eyín náà àti òkúta wẹ́wẹ́ méje wá sí àgbàlá olùkọ́. Yóò na apá sókè bí ẹni tó fẹ́ jù wọ́n, títí Fádípẹ̀ yóò fi ya àwòrán ìkeje tán, lẹ́yìn náà ni yóò jù wọ́n sórí òrùlé, kí òmíràn lè hù.